Ajá tó gbọ́n nínú ilé, tó di adití lójú títì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyá Aláṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin alájá. Mo ní akọ ajá kan tó ń lọ sí oṣù mẹ́sàn-án. German Shepherd ni bàbá rẹ̀, ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Nínú yàrá, bí mo bá ní "jókòó", ìdí rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kí n tó panu dé. Ṣùgbọ́n ká ṣáà ti yọ sí géètì, ó parí. Ewúrẹ́, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kadà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí atẹ́gùn ń gbé kiri, kò sí èyí tí kò ní fẹ́ lọ wò. Màá pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, kò ní yí ọrùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ́ mi tuurutu lọ síbi tí wọ́n so àgbò mọ́.

Ẹnì kan ní kí n ra okùn ọrùn oníná, èyí tó máa ń gbọn ajá tí wọ́n bá tẹ rìmóòtì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n rà á? Àbí ajá yìí ò ní àtúnṣe?

Baba Landlord

Pàṣán lẹ nílò, ẹ má da ara yín láàmú. Ajá ni, kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Èyí tí kò bá gbọ́ lẹ́yìn pàṣán, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Olùkọ́ Ajá Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú, màá ta kò yín díẹ̀. Bí a bá na ajá nígbà tí ojú rẹ̀ wà lára ewúrẹ́, kò mọ̀ pé àìgbọ́ràn la tìtorí ẹ̀ nà án. Ohun tí òun rí ni pé ewúrẹ́ yọ, ìrora dé. Wọ́n ti gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí. Ó kàn máa ń fẹ́ bá ewúrẹ́ ṣeré tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fi máa mú un dé ọ̀dọ̀ mi, bó bá rí ewúrẹ́, ó fẹ́ fà á ya. Ọ̀kan náà ni okùn oníná. Ó lè dá ajá dúró lóòótọ́, àmọ́ kò lè kọ́ ọ níbi tó yẹ kó máa wò.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, ẹ dá mi lóhùn ná. Kí ni ajá yìí máa ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́? Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Kí ló ń jẹ́, ta ló sì máa ń pè é jù nínú ilé?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, sà. Abẹ́ àtẹ̀gùn la máa ń so ó mọ́ lójú mọmọ torí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ayálégbé. Bí gbogbo èèyàn bá ti wọlé sùn la máa ń tú u sílẹ̀ kó ṣọ́ ilé. Màmá mi ló ń fún un lóúnjẹ, èbà tàbí ìrẹsì, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.

Orúkọ rẹ̀... ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sanńbọ̀ ni. Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àti ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ìyá yẹn bá ti ń kọjá báyìí, Màmá á bọ́ sí fàráńdà: "Ẹ̀sanńbọ̀! Ẹ̀sanńbọ̀ o! Ẹ̀-san-ń-bọ̀!" Bó ṣe ń lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Aláwàdà Ẹ̀pẹ́

Ẹjọ́ ni Màmá ń pè o, kì í ṣe ajá. 😂😂😂

Olùkọ́ Ajá Ìkòròdú

Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni ajá yẹn ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àìmọye lójúmọ́, tí nǹkan kan ò sì ní tẹ̀ lé e. Wọn ò fún un ní oúnjẹ, wọn ò fọwọ́ pa á lórí, ẹni tó ń pè é ò tilẹ̀ kọjú sí i. Ojú Màmá wà lẹ́yìnkùlé. Ajá gbọ́ ọ títí, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kan òun, ó sì fi sílẹ̀. Ìyá ẹ̀yìnkùlé ló wá ń jẹ́ Ẹ̀sanńbọ̀.

Bákan náà, ajá tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nìkan ló ń rí lójú mọmọ, ọjọ́ tó bá rí títì, kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe? Ẹ̀ ń pè é ní ajá tí ọkàn rẹ̀ ò papọ̀. Ọkàn rẹ̀ papọ̀ o, ẹ̀yin nìkan ni kò sí lára ohun tó ń fọkàn sí.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí

Baba Landlord, ẹ̀yin lẹ dárúkọ fèrè ọdẹ, torí ẹ̀ ni mo ṣe wọlé. Ẹ jẹ́ n sọ bí ajá ṣe máa ń mọ fèrè ọ̀hún.

Bàbá mi kì í fọn fèrè lásán. Láti ìgbà tí ọmọ ajá bá ti já lẹ́nu ọmú, fèrè á dún kí àwo oúnjẹ tó kanlẹ̀. Fèrè, oúnjẹ. Fèrè, oúnjẹ. Bó bá yá, wọ́n á lọ fọn ọ́n lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn ìyẹn lóko ẹ̀gẹ́, kó tó wá kan igbó. Nínú igbó, bí wọ́n bá pa ẹran, ajá tó bá jẹ́ ìpè fèrè á gba tirẹ̀ lára ìfun níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹran nílẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ lé òkété lọ, bó bá dé, wọn ò ní nà án, àmọ́ ìfun ti tán. Ẹ̀ẹ̀mejì irú ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Fèrè kì í bínú. Ohùn èèyàn máa ń yí pa dà. Bí a bá ti pè é títí tí kò dáhùn, igbe wa á ti mú ìjà dání, ajá á sì rí i pé ó sàn kóun jìnnà sí wa. Fèrè tó dún láàárọ̀ náà ló ń dún nírọ̀lẹ́.

Ní ti orúkọ, ajá wa kan jẹ́ Tanímọ̀la. Ìyẹn wà fún àwọn ará ilé. Nínú igbó, "Táà!" lásán ni bàbá mi fi ń pè é.

Baba Landlord

Ọmọ ọdẹ, o mú mi. Òwe ni mo pa, o ti já a fún mi. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: ajá ayálégbé mi kan pa ewúrẹ́ mi méjì mọ́ ara wọn, oníkálukú sì ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ pé ajá ń fa olówó rẹ̀ kiri.

Fẹ́tì Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjíròrò o. Kí ẹ tó ní ajá ò gbọ́ràn, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò. Ajá tí eégbọn bá wọ inú etí rẹ̀, tàbí tí etí rẹ̀ ń rùn tó sì ń gbọn orí ṣáá, kò lè ráyè tiyín. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ rún ọ̀rá bisikíìtì. Bó bá yí orí pa dà, etí ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ orí rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Newcastle, Nottingham àti Edinburgh gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ajá tí wọ́n ń tọ́ láti máa mú afọ́jú rìn. Ajá tó máa ń jókòó fún ẹni tó ń tọ́ ọ nígbà tó wà lóṣù márùn-ún, bó bá di oṣù mẹ́jọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í di etí sí ẹni náà. Ibi tó pani lẹ́rìn-ín ni pé bí àlejò bá ní kó jókòó, á jókòó. Ìgbà ọ̀dọ́ ni, ó máa ń kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lé ajá dà nù ní àkókò yìí gan-an.

Èbà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò tó fún ajá tó ṣì ń dàgbà, ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí méjì kẹ́ ẹ sì fi ẹja tàbí ẹyin bíbọ̀ kún un. Fún ẹ̀kọ́, ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù láìsí iyọ̀, láìsí magí, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i rárá, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ má fún un ní ṣokoléètì, ẹ má sì fún un ní egungun adìẹ sísè, torí ó máa ń ya ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Bó bá tún jẹ́ pé ẹ ti ń mú un jáde, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ (Ìbàdàn)

Ó ti gbà á, Dókítà. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Etí rẹ̀ mọ́, mo rún ọ̀rá bisikíìtì, ṣe ló sáré wá gba bisikíìtì.

Olùkọ́ Ajá Ìkòròdú

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rèé.

Ẹ fi Ẹ̀sanńbọ̀ sílẹ̀ fún Màmá. Ẹ fún ajá lórúkọ tuntun tó kúrú, tí kò jọ àṣẹ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ ní Bingo, gbogbo ajá àdúgbò ló ń jẹ́ Bingo. Ẹ wọ yàrá tó parọ́rọ́ nígbà tí ebi bá ń pa á díẹ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ojú rẹ̀ bá ti kan tiyín, ẹ ní "Ẹ̀ẹ́n!" lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ̀ẹ́n" yẹn ló ń sọ fún un pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí gan-an la sanwó fún. Bó bá pẹ́ jáde lẹ́nu yín, tí ajá ti wo ilẹ̀, ilẹ̀ wíwò lẹ sanwó fún yẹn. Bí kò bá wò yín, ẹ má tún orúkọ pè. Ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ètè ṣe ariwo kékeré, kẹ́ ẹ dúró.

Bó bá ti mọ ìyẹn, ẹ di ẹ̀dọ̀ sínú ìkúùkù, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ajá á fi imú tì í, á lá a, á fi èékánná họ ọ́, ó tiẹ̀ lè gbó. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà tó bá sú u, á gbé ojú kúrò lára ọwọ́, á wò yín lójú bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé gan-an. "Ẹ̀ẹ́n!" Kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kejì fún un ní ẹ̀dọ̀ mìíràn, torí a ò fẹ́ kó rò pé ìkúùkù tóun tẹjú mọ́ ló jẹ́ kóun jẹ. Mo fẹ́ràn eléyìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ajá ń rí ohun tó fẹ́, ó sì ń kọ́ pé ojú olówó òun lòun máa wò kóun tó rí i gbà.

Bẹ́ ẹ bá dé géètì, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ dúró sínú. Á máa wo títì. Ẹ jẹ́ kó wò ó. Ìgbà tó bá yíjú wò yín ni kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ síta. Níbí yìí, títì fúnra rẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kó jẹ́ ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà títì máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá lọ́sàn-án. Ẹ sì tú u lára ṣéènì kó rìn kí ọ̀sán tó pọ́n. Láìsí ìyẹn, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, asán ni.

Àǹtí Peckham

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo tèmi. Beagle ni mo ń sìn ní London níbí. Ṣẹ́ ẹ mọ àwọn ajá kékeré elétí gbọọrọ tí wọ́n máa ń mú dé ìdí àpótí wa ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbóòórùn ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́? Ẹ̀yà rẹ̀ nìyẹn. Láti 1984 ni Ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lò wọ́n fún iṣẹ́ yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, torí kí wọ́n lè máa fi imú tọ ipasẹ̀ ehoro ni wọ́n ṣe ń sìn wọ́n látayébáyé. Nítorí náà, bí mo bá mú un dé Burgess Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan níbí, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá lóru, ohùn mi ò ju ariwo bọ́ọ̀sì lọ létí rẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò bá imú rẹ̀ jà mọ́. Mo ń fi sanwó fún un. A ó rìn, màá pè é, á wò mí, màá ní "ó yá, gbóòórùn!" kí n sì tẹ̀ lé e lọ sídìí igi tó ń fẹ́ lọ. Ẹran wà lápò mi o, àmọ́ ìdí igi yẹn dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń yíjú wá wò mí pé ṣé kóun lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ṣì ń borí mi. Mo ti gbà fún ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń ronú okùn oníná, Wales ti fòfin dè é láti 2010.

Ayálégbé Òṣogbo

Ẹ forí jì mí o. Èdè wo la fi ń kọ́ ajá? Ẹni tó ta tèmi fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí n máa sọ sí i, pé ajá òyìnbó kì í gbọ́ Yorùbá.

Àǹtí Peckham

Irọ́ gbuu. Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti bí tèmi, "wá ńbí" ló ń gbọ́, "kúrò ńbẹ̀" ló ń gbọ́. Kí gbogbo ilé ṣáà máa sọ ọ̀kan náà. Bí bàbá bá ní "sit", tí ìyá ní "jókòó", tí ọmọ tún ní "sìt dáùn jàre", ajá á kàn máa wò yín ni.

Àwọn olùwádìí kan ní Budapest, ní Họ́ngárì, kọ́ ajá láti sùn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ láìmira. Wọ́n gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2016. Ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ bí a ṣe gbé ohùn jáde. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn bá bá ohùn ìyìn rìn ni ibi tí ayọ̀ wà nínú ọpọlọ rẹ̀ máa ń jí dáadáa. Ẹni tó bá ń fi ohùn ìjà sọ pé "ó káre", ẹ ò rí i pé ajá mọ̀.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ (Ìbàdàn)

Mo ti pa dà wá. Kòkó la sọ ọ́ báyìí, torí àwọ̀ rẹ̀. Nínú ilé, ká ti pe Kòkó, ojú rẹ̀ ti dé. Ìkúùkù náà, ó ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mú un dé ìdí àgbò yẹn, kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀. Mo fi sí i lẹ́nu, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ o! Kí ló fà á?

Olùkọ́ Ajá Ìkòròdú

Ẹ ti sún mọ́ àgbò jù. Ajá tí kò bá lè jẹ ẹ̀dọ̀, kò lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àgbò. Ẹ má pè é, ẹ má bá a wí, ẹ kàn yí pa dà kẹ́ ẹ jọ máa lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá ti gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ yín, tó sì ṣì ń rí àgbò lọ́ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ ni kíláàsì yín. Ó lè jẹ́ òdìkejì títì, ó lè jẹ́ ilé mẹ́ta sí i. Lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá tún kọ ẹ̀dọ̀, ẹ pa dà sẹ́yìn.

Ẹ wá okùn tó gùn, mítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ bẹ́líìtì ajá, èyí tó ń gba àyà rẹ̀ kọjá. Ọrùn kọ́ o, torí bó bá sáré tí okùn sì mú un lọ́rùn lójijì, ó lè ṣeṣe. Níbi tí ẹ bá mọ̀ pé kò ní dáhùn, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹ fi okùn dá a dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má tún pè é wá wẹ̀, ẹ má pè é wá gba abẹ́rẹ́. Ẹ lọ bá a níbi tó wà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ (Ìbàdàn)

Mo ní kí n jíhìn. Ó gbà wá ní àkókò o, àmọ́ a ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò yẹn báyìí. Á wò ó, á wò mí, á gba ẹ̀dọ̀, a ó máa lọ. Ọ̀kadà ò jẹ́ nǹkan kan fún un mọ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu bí atẹ́gùn bá pọ̀. Ìdájí la máa ń rìn báyìí kí wọ́n tó so ó, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé sì ti ń bá wa jáde.

Màmá ò jáwọ́. Ìyá ẹ̀yìnkùlé ń kọjá lánàá, "Ẹ̀sanńbọ̀!" gba gbogbo ọgbà. Kòkó ò tilẹ̀ gbé orí.

Aláwàdà Ẹ̀pẹ́

Ìyá ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, ṣé wọ́n dáhùn? 😂

Ayálégbé Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ Ajá, ìgbà wo la máa ṣíwọ́ ẹran fífún? Ṣé títí ayé la máa máa gbé ẹ̀dọ̀ sápò ni?

Olùkọ́ Ajá Ìkòròdú

Ẹ má já a gbà lójijì. Níbi tó bá ti mọ iṣẹ́ dáadáa, irú bí inú ilé, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìyìn lásán rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó má lè mọ èyí tó máa mú ẹran wá. Nígbà mìíràn kẹ́ ẹ kó mẹ́ta fún un pọ̀. Níbi tó bá ti ṣòro fún un, bí ìdí àgbò yẹn, ẹ máa san án déédéé ná. Ẹ yọ ohun tó bá jẹ kúrò nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kó má sanra jù. Bí ẹ̀dọ̀ bá wọ́n, ọkàn adìẹ bíbọ̀ tàbí pańla tí ẹ rún wẹ́wẹ́ á ṣe é. Sọ́séèjì ni kẹ́ ẹ má lò, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù.